Ìlànà Ààbò ní Ibi Ìtọ́jú Ọmọ: Àyẹ̀wò Ìṣẹ̀lẹ̀ Abúlé-Adó ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, 2020

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ojúṣe ni òwe yìí gbé lé ènìyàn lọ́wọ́. Kò béèrè bóyá àgbà náà ni ó bí ọmọ, kò sì béèrè bóyá wọ́n ń san owó fún un. Wíwà tí ó wà níbẹ̀ ti tó. Lórí irú ìpìlẹ̀ báyìí ni ohun tí ayé òde òní ń pè ní ìlànà ààbò àti ìlera níbi iṣẹ́ ìtọ́jú dúró lé. Bí a bá dárúkọ iṣẹ́ ìtọ́jú, ilé ọmọ aláìlóbìí, ilé àwọn arúgbó, ilé ìtọ́jú àwọn akàndá ẹ̀dá àti ilé ìwòsàn ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọn kì í sábà rántí ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ kì í parí nígbà tí agogo ìparí ẹ̀kọ́ bá lù. Òun ni bàbá, òun ni ìyá, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọn yóò ṣe bí iná bá sọ lóru.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí ó wáyé ní Abúlé-Adó, nítòsí Festac Town, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020, ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀wò. Ọ̀nà méjì ni ìlànà ààbò pín sí nínú ìtàn náà. Ti àkọ́kọ́ ni ìlànà inú, èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú ọmọ nínú ọgbà. Èkejì ni ìlànà òde, èyí tí ó ń sọ ohun tí ó lè wà àti ohun tí kò gbọdọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà. Ohun tí ìtàn Abúlé-Adó fi hàn ni pé àwọn tí ń ṣe ìtọ́jú lè pa ti inú mọ́ títí dé ojú ikú, síbẹ̀ kí ewu ba ọmọ nínú ọgbà, bí kò bá sí ẹni tí ó pa ti òde mọ́.

Ìlú tí a yà sórí ìwé àti abúlé tí a kò yà

Ilẹ̀ Àwórì ni Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ẹja pípa àti iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe kí ìjọba àpapọ̀ tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní àwọn ọdún 1970. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1973, ni ó kọ́ ìlú tuntun náà sí ẹ̀bá ọ̀nà Àgbádárìgì, kí àwọn àlejò tí ń bọ̀ wá síbi Àjọ̀dún Àgbáyé Kejì ti Iṣẹ́ Ọnà àti Àṣà Àwọn Ènìyàn Dúdú lè rí ibi wọ̀ sí. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977 ni wọ́n fi ṣe àjọ̀dún náà, orílẹ̀-èdè tí ó kópa sì lé ní 50. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, wọ́n pín àwọn ilé náà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Orúkọ àjọ̀dún náà ni ó mọ́ ìlú lára títí di òní.

Orí ìwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ya Festac kí wọ́n tó gbé bíríkì kan lé òmíràn. Ojú pópó ńlá méje ni wọ́n là sínú rẹ̀, láti First Avenue dé Seventh Avenue. Àyè ilé-ẹ̀kọ́, àyè ọjà àti àyè ìtọ́jú aláìsàn wà nínú àwòrán náà. Ẹni tí ó bá mọ ìlú náà dáadáa yóò sọ pé àwòrán ọ̀hún ti ń bàjẹ́ láti ìgbà pípẹ́, pé ṣọ́ọ̀bù ti dí ojú fèrèsé, pé ìsọ̀ ti gun orí gọ́tà. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwòrán kan wà tí ẹni tí ó bá fẹ́ bá ìjọba wí lè tọ́ka sí.

Lẹ́yìn Festac, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọgbà Ìpàtẹ Ọjà Àgbáyé tí gbogbo Èkó ń pè ní Trade Fair, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1977, di ọjà ńlá nígbà tí ó yá. Àwọn tí ń ṣòwò níbẹ̀ nílò ilé, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá. Abúlé-Adó àti àwọn abúlé tó yí i ká bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Ìdílé onílẹ̀ ń ta ilẹ̀, olówó ń rà, bíríkìlà ń kọ́. Ilé gbígbé, ilé ìjọsìn, ilé-ẹ̀kọ́ àti ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì ìdáná wá fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn.

Ní àdúgbò kan náà ni ọ̀pá epo gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀. System 2B ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo NNPC ń pè é. Láti èbúté Atlas Cove ni ó ti ń gbé epo lọ sí Mosimi ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ẹ̀ka rẹ̀ dé Èjìgbò, tí ó sì kọjá sí Ìbàdàn àti Ìlọrin. Òfin tí ó jẹ mọ́ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ti wà láti ọdún 1956, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ààlà wà ní ọ̀tún àti ní òsì ọ̀pá náà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé sí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ kì í hàn. Koríko ni ó máa ń hàn, ilẹ̀ tí ó ṣófo ní Èkó kì í sì í pẹ́ ṣófo.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú

Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020, ni ìbúgbàù náà dún. Àwọn tí ń gbé ní ibi tí ó jìnnà sí Abúlé-Adó gbọ́ ọ, òrùlé àti fèrèsé sì fò dànù ní àwọn àdúgbò tí iná kò dé rárá. Ẹ̀mí tí ó bá a lọ lé ní 20. Nǹkan bí 50 ilé ni wọ́n kà pé ó wó tàbí tí ó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Nínú àlàyé tí NNPC ṣe ní ọjọ́ náà, wọ́n ní ọkọ̀ akẹ́rù kan ni ó lọ kọlu àwọn sìlíńdà gáàsì tí wọ́n tò jọ sí ibi iṣẹ́ gáàsì kan tí ó wà nítòsí ojú ọ̀nà ọ̀pá epo, àti pé ìbúgbàù yẹn ni ó wó àwọn ilé, tí ó sì ba ọ̀pá epo náà jẹ́. Ọ̀nà méjì ni iná ti rí ohun jẹ ní òwúrọ̀ yẹn. Àwọn àgbà ti sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ní Abúlé-Adó, lábẹ́ ilẹ̀ àti lẹ́bàá ọ̀nà ni ohun tí ó lè di iná wà, àwọn ènìyàn sì ń sùn sí àárín wọn.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama Bethlehem Girls' College wà ní àdúgbò náà. Ìjọ Kátólíìkì ni ó ni ín. Ọmọbìnrin ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, inú ọgbà ni wọ́n sì ń gbé. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ni Sísítà Henrietta Alokha. Nígbà tí ìbúgbàù náà dún, tí ilé ń wó, kò sá jáde. Ìròyìn tí ó jáde lẹ́yìn náà ṣọ̀kan lórí pé ó dúró kó àwọn ọmọ jáde, àti pé inú ilé tí ó wó ni ó kú sí. Wọ́n ní iye ọmọ tí ó rí ọ̀nà jáde lé ní 300.

Akọni ni àwọn ìwé ìròyìn pè é, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ wo ohun tí ó ṣe lọ́nà mìíràn pẹ̀lú. Kí ẹni kan tó lè kó ọmọ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn ọmọ náà ní láti mọ ohùn rẹ̀, kí wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n sì ti mọ́ra láti gbọ́ràn láìbéèrè ìdí. Ìgbà tí iná bá ti sọ kọ́ ni a ń kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni, nípa orúkọ tí a ń pè ní òwúrọ̀, nípa ìlà tí a ń tò, nípa mátírọ́ọ̀nù tí ó mọ iye ọmọ tí ó sùn sínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ìlànà inú nìyẹn, àwọn ọmọ náà sì jàǹfààní rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó ṣòroó sọ láàárín wa. Lọ́pọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ òṣìṣẹ́ ìtọ́jú nípa iná ni pé kí ó má ṣe padà wọ inú ilé tí ewu wà, nítorí pé bí òun bá kú, kò sí ẹni tí yóò ka àwọn tí ó jáde. Etí Yorùbá kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ta ni yóò dúró síta kí ọmọ ọlọ́mọ máa ké nínú ilé? Kò sí ìlànà tí ó lè yọ ìṣòro yìí kúrò nígbà tí ògiri bá ti ń wó. Ibi tí ó ti ṣeé yọ kúrò ni ọdún púpọ̀ ṣáájú, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, tàbí tí wọ́n ti ń wo àwọn tí ń kọ́lé láìgba ìwé kankan.

Àwọn ìkìlọ̀ tí ó ti kọjá

Èkó kò ṣàìrí irú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ọjọ́ Àìkú ni òun náà, àwọn àdó olóró tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè àwọn sójà ní Ìkẹjà gbiná. Ẹ̀mí tí ó ṣòfò lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àdó kò kàn rárá. Omi ni ó gbé wọn lọ ní Òkè-Àfà, níbi tí àwọn tí ń sálọ nínú òkùnkùn ti já sínú odò tí ewéko bò lójú, àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Kò sí ẹni tí ó ti sọ fún ìdílé kankan ibi tí wọn yóò sá sí, ibi tí wọn yóò ti pàdé, tàbí ọ̀nà tí kò léwu. Òkè-Àfà kò sì jìnnà púpọ̀ sí Festac.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2008, katakata tí ń ṣe ọ̀nà ní Ìjẹ̀gùn fi irin gbá ọ̀pá epo, iná sì sọ. Àwọn òṣìṣẹ́ Red Cross ní nǹkan bí 100 ènìyàn ni ó kú, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì wà lára àwọn tí ó fara gbá. Ti Ìta-Fàájì ní Erékùṣù Èkó sún mọ́ ti Abúlé-Adó jù lọ ní àkókò. Ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ọdún kan àti ọjọ́ méjì ṣáájú ti Abúlé-Adó, ni ilé alájà kan wó, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké sì wà ní òkè rẹ̀. Ó kéré tán, 20 ènìyàn kú. Àwọn aláṣẹ sọ lẹ́yìn náà pé wọ́n ti fi àmì sí ilé náà pé kí wọ́n wó o. Àmì náà kò wó ilé. Lára ìṣẹ̀lẹ̀ gbogbo tí a dárúkọ yìí, èyí ni ó yẹ kí olùkọ́ rò jù, nítorí pé lójoojúmọ́ ni àwọn olùkọ́ ilé náà ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Òfin wà, ṣùgbọ́n níbo ni ó ń wò?

Yóò jẹ́ àṣìsọ bí a bá ní kò sí òfin. Ọ̀kan lára àwọn òfin tí ó wà lórí ààbò níbi iṣẹ́ ní Nàìjíríà ni òfin àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ọdún 1987. Bí orúkọ rẹ̀ ti sọ, ibi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan jáde ni ó ń wò. Ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ọmọ aláìlóbìí kò sí lójú rẹ̀. Òfin ọdún 2010 tí ó ń san owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ gbòòrò jù ú lọ, àmọ́ ìgbà tí aburú bá ti ṣẹlẹ̀ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní ọdún 2003, ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007. Ní ọdún 2011, Èkó fi òfin gbé àjọ tí ń rí sí ààbò kalẹ̀. Ní ọdún 2016, gómìnà ìgbà náà, Akínwùnmí Ambode, fọwọ́ sí àṣẹ kan lórí ìdáàbòbò ọmọdé tí ó kan gbogbo ibi tí wọ́n ti ń bá ọmọ ṣe nǹkan pọ̀.

Àṣẹ 2016 náà ṣe pàtàkì gidigidi. Ṣùgbọ́n ìwà ìkà tí ènìyàn lè hù sí ọmọ ni ó gbájú mọ́: ta ni a gbà síṣẹ́, ta ni ó lu ọmọ, ta ni a ó fi ẹjọ́ sùn. Ojú rẹ̀ wà lára ènìyàn. Ewu tí ó wà nínú ilẹ̀, nínú ògiri àti lẹ́yìn ọgbà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn àjọ mìíràn: èyí tí ń rí sí ilé kíkọ́, èyí tí ó ni ọ̀pá epo, èyí tí ń fún oníṣòwò gáàsì ní ìwé àṣẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń dáàbò bò, ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn sì ń mú apá kan nínú rẹ̀.

Ohun tí Aberfan ṣe sí òfin Gẹ̀ẹ́sì

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti gba irú ọ̀nà yìí kọjá. Ní abúlé Aberfan, ní ilẹ̀ Wales, òkìtì pàǹtí èédú tí ilé-iṣẹ́ èédú ìjọba kó jọ sórí òkè ya lulẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1966, ó sì bo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ kọjá díẹ̀ ni, bíi ti Abúlé-Adó. Ènìyàn 144 ni ó kú; 116 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Àwọn olùkọ́ náà kú pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ dáàbò bò. Wọ́n ti kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ nípa òkìtì yìí ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, lẹ́tà tí ó dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà gan-an. Ìgbìmọ̀ ìwádìí gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1967, ó sì di ẹ̀bi ru ilé-iṣẹ́ èédú náà. Òfin tuntun lórí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1969. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé Lord Robens, tí ó jẹ́ alága ilé-iṣẹ́ èédú náà nígbà tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, ni wọ́n tún fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí àbọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1972 bí òfin ìlera àti ààbò níbi iṣẹ́ ti ọdún 1974.

Òfin 1974 yìí kì í ṣe àjèjì sí àwọn ìdílé Festac mọ́. Láti oṣù kejì ọdún 2022 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú láyè láti wọlé, títí di oṣù keje ọdún 2025 tí wọ́n dá gbígba àwọn tuntun láti òkè òkun dúró, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, olùkọ́ pẹ̀lú, ni ó lọ ṣe iṣẹ́ náà. Lábẹ́ òfin yìí ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń gbé arúgbó láìba ẹ̀yìn jẹ́ àti bí a ṣe ń kọ ewu tí a rí sílẹ̀ kí ó tó di ìjàǹbá. Kókó òfin náà ni pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ nìkan ni agbanisíṣẹ́ jẹ ní gbèsè ààbò. Ó jẹ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lè pa lára pẹ̀lú, àní ọmọ tí ó jókòó nínú kíláàsì ní ẹ̀yìn odi. Lórí kókó yìí ni ìlànà òde àti ìlànà inú ti di ọ̀kan.

Ìgbà tí méjèèjì pàdé ní Èkó

Wọ́n ti pàdé ní Èkó náà rí. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, Patrick Sawyer dé láti Liberia pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Àwọn dókítà ìjọba wà nínú ìyanṣẹ́lódì, nítorí náà ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Obáléndé ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ kọ̀ láti dá a sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fúngun mọ́ wọn láti òde. Dókítà náà kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Nọ́ọ̀sì kú, òṣìṣẹ́ tí ń tún wọ́ọ̀dù ṣe náà kú. Àmọ́ ní ti èyí, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ tẹ̀lé wọn lẹ́yìn lọ́gán: wọ́n wá àwọn 894 tí ó ti fara kan àwọn aláìsàn rí, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò láti ilé dé ilé. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 kú, àjọ ìlera àgbáyé sì kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn tí ń sọ pé ará Èkó kò lè tẹ̀lé ìlànà kò rántí ọdún yẹn.

Lẹ́yìn ìbúgbàù

Ní Abúlé-Adó, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde àpò ìrànlọ́wọ́ bílíọ̀nù méjì náírà fún àwọn tí ó fara gbá, ó sì fi mílíọ̀nù 250 náírà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wá láti wo ibi tí ilé wó sí. Ìbéèrè ń lọ lórí ta ni ó gba ibi iṣẹ́ gáàsì láyè níbẹ̀, àti ilé mìíràn wo ni ó wà lórí ọ̀nà ọ̀pá epo láti Festac dé Èjìgbò. Wọ́n jẹ́ ìbéèrè tí olùkọ́ èyíkéyìí lè béèrè kí ó tó gba iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń gbé, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń béèrè owó oṣù.

Àrùn Kòrónà ni ó dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ó ti wọ Èkó láti òpin oṣù kejì. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta, ọjọ́ kẹjọ sí ìbúgbàù náà, ìjọba ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Èkó pa. Ní ọjọ́ 30, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ṣí ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún náà, ìlànà tuntun ti wà lẹ́nu ọ̀nà: omi àti ọṣẹ, ìbòmú, àyè láàárín àga kan sí èkejì, àti olùkọ́ kan tí ó dúró pẹ̀lú ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara, tí ń nà án sí iwájú orí ọmọ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń wọlé.